Òyìnbó Tí Kò Padà sí Sikọ́tílándì

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni màámi máa ń gbà wọ ilé àwọn òyìnbó ní Ìkẹjà. Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń dá a padà, tó ti gba sítáàṣì, tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ti kọjá lára rẹ̀ títí tí kò fi ní ìlà kankan mọ́. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, aṣọ funfun a máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn láti ẹnu ọ̀nà wa ní Agége títí dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Bí a bá ti gbọ́ ìró rélùwéè lọ́ọ̀ọ́kán, a ó sáré kó wọn wọlé kí èéfín tó bà wọ́n jẹ́.

Màámi pupa. Kì í ṣe pupa tí a máa ń sọ nípa ẹni tó kàn mọ́ lára. Oòrùn a máa jó imú wọn títí awọ ibẹ̀ á fi bó, irun wọn sì rọ̀, ó pọ́n bí irun àgbàdo. Àwọn ọmọdé àdúgbò á pè wọ́n ní òyìnbó, wọ́n á sì sá lọ. Màámi kì í bínú sí wọn. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé òyìnbó kan ló bí wọn, ọ̀kan nínú àwọn tó wá la ojú irin láyé àtijọ́, pé ó bá ìyá wọn gbé ní Agége, àti pé kí màámi tó lè rá ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí ìlú rẹ̀. Ìyá wọn náà sì kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí màámi ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Bí mo bá béèrè nípa òyìnbó yẹn, ìdáhùn kan ṣoṣo ni màámi ní: "Ó ti lọ." "Ó" ni wọ́n máa ń lò fún un, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọdé tàbí olè. N kò gbọ́ kí wọ́n pè é ní bàbá rí.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìkẹjà ń yí padà níṣojú wa. Wọ́n ń gé igbó, wọ́n ń kọ́ ilé iṣẹ́, fèrè tí wọ́n fi ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wọlé láàárọ̀ sì ti di aago wa. Nígbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, mo máa ń bá màámi ru agbọ̀n aṣọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, a gbé aṣọ lọ fún òyìnbó kan tó jẹ́ ẹnjiníà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ọmọ kúùkù rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan, ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé, ó fi orúnkún gbá símẹ́ńtì, ló bá fi igbe ta. Màámi sọ agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n gbé e.

"Wílásì mi, dákẹ́. Wílásì, ó tó."

Bí wọ́n ṣe máa ń rẹ èmi náà lẹ́kún nìyẹn nígbà tí mo wà ní kékeré. N kò bi ara mi léèrè rí ohun tó túmọ̀ sí.

Ẹnjiníà yọ sí ẹnu ọ̀nà, sìgá lọ́wọ́. Ó ní kí ni obìnrin yìí sọ. Ẹ̀rù ba màámi, wọ́n gbé ọmọ náà sílẹ̀ kíá.

"Sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ́kún lásán ni," ni wọ́n wí fún mi. "Ìyá mi ló máa ń fi rẹ̀ mí."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ojú màámi, ó wo irun tó yọ lábẹ́ gèlè wọn. Ó ní òun kì í ṣe ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù bí gbogbo wa ṣe rò. Sikọ́tílándì ni ìlú òun, lókè lọ́hùn-ún níbi tí òtútù pọ̀ sí, àwọn sì ní bí àwọn ṣe máa ń pe ọmọdébìnrin kékeré níbẹ̀, tí kì í ṣe gbogbo òyìnbó ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí obìnrin yìí ń sọ nìyẹn. Ta ló kọ́ ìyá rẹ̀?

Kí n tó ronú, mo ti dá a lóhùn. "Òyìnbó tó bí wọn ni. Ó wà lára àwọn tó ṣe ojú irin."

Màámi já mi lẹ́èékánná ní apá. Òyìnbó náà béèrè orúkọ ọkùnrin yẹn. Mo ní a ò mọ̀ ọ́n.

A rìn padà sílé. Àpótí pákó kan wà ní yàrá màámi, ó wúwo bí òkúta, òun ni ogún tí ìyá wọn fi sílẹ̀, aṣọ ìjọ́sìn wọn ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Wọ́n ti fi irin gbígbóná kọ lẹ́tà òyìnbó sí abẹ́ ọmọrí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé ni mo ti ń kà á, mo sì rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe àpótí ni, bí orúkọ ṣe ń wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ṣí i lọ́jọ́ náà, mo tún un kà. Orúkọ ènìyàn ni. Orúkọ ìlú kan sì tẹ̀ lé e. Mo mú pẹ́ńsù, mo dà á kọ.

"Fi í sílẹ̀," ni màámi wí látorí ibùsùn wọn. "Ẹni tó lọ tí kò bojú wẹ̀yìn, kí la fẹ́ fi ṣe?"

N kò fi í sílẹ̀. Èmi ni mo mú ìwé yẹn lọ bá ẹnjiníà láìsọ fún wọn. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, n kò rí ẹlòmíràn tí mo lè dá lẹ́bi.

Ẹnjiníà kọ̀wé sí àlùfáà ìlú tí orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ọmọrí àpótí. Ó ní kí a máa retí. Lẹ́yìn bí oṣù kan, mo jẹ́wọ́ fún màámi. Mo rò pé wọ́n á bá mi jà, ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń da omi sára aṣọ lọ ni. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dirun wọn tuntun ní gbogbo Ọjọ́rú, nítorí pé Ọjọ́bọ̀ ni a ń gbé aṣọ lọ sílé ẹnjiníà, bí mo bá ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Bí a bá ń padà bọ̀, wọ́n á ní, "Kò tíì sọ nǹkan kan?" Màá ní rárá. Òjò rọ̀ títí, ó dá, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èsì dé, ẹnjiníà kò jẹ́ kí a gba ẹ̀yìnkùlé. Ó mú wa lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ó fa àga fún màámi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé yẹn, ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀. Etí àga ni wọ́n fi ìdí lé. Òyìnbó náà na lẹ́tà sí mi, ó sì yíjú sí ọgbà. Ó yẹ kí n ti fura.

Àbúrò ọkùnrin yẹn obìnrin ló kọ ọ́. Arúgbó ni, ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n lórí ìwé náà. Mo ń kà á, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ, bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, láìkọ́kọ́ wo iwájú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni lóòótọ́, káfíńtà ni, bàbá àwọn ló kan àpótí yẹn fún un nígbà tó ń lọ sí Áfíríkà. Ó ní nígbà tí iṣẹ́ ojú irin parí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wálé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n òun kò bá wọn wá. Ó kọ̀wé sílé pé òun ti gba ilẹ̀, òun ti gbin obì, Ọlọ́run sì ti fún òun ní ọmọbìnrin kan. Ó ní òun máa gbé e wá kí ìyá àwọn rí i. Ìyá wọn sì hun fìlà òwú sílẹ̀ de ọmọ náà.

Màámi ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ojú wọn ń dán.

"Lẹ́yìn náà," mo ń bá a lọ, "ó tún kọ̀wé pé àìsàn ìgbóná mú ìyá ọmọ náà lọ, pé ọmọ náà sì kú pẹ̀lú, pé òun kò lè fi ilẹ̀ tí ọmọ òun sùn sí sílẹ̀, kí wọ́n má retí òun mọ́."

Mo gbé ojú kúrò lórí ìwé náà.

"Ọmọ wo?" ni màámi béèrè.

"Ọmọ rẹ̀, màámi."

"Ó bí ọmọ mìíràn?"

"Rárá. Ẹ̀yin ni."

Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn méjèèjì, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Ọṣẹ ti bó ìka wọn. Ẹnjiníà pàṣẹ kí wọ́n gbé tíì wá, tíì náà sì tutù síwájú wọn. Nígbà tí a dé ìdí ojú irin, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Wọn ò lọ. Bàbá mi ò lọ rárá. Wọ́n wà níbí." Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ "wọ́n" lẹ́nu màámi fún ọkùnrin yẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá màámi ọkùnrin ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ra obì ní Agége láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ló tọ́ màámi lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló fi wọ́n fún ọkọ. Bàbá àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A bá wọn lórí awọ àgùntàn wọn lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Màámi kúnlẹ̀, wọn ò sì dìde nígbà tí bàbá àgbà ní kí wọ́n dìde.

"Bàbá, ta ló sọ fún òyìnbó pé mo ti kú?"

Bàbá àgbà ka ìlẹ̀kẹ̀ mélòó kan sí i. "Èmi ni mo sọ fún un," ni wọ́n wí.

N kò rò pé yóò yá tó bẹ́ẹ̀. Mo ti rò pé wọn á sẹ́.

"Ó fẹ́ gbé ọ lọ fi han ìyá rẹ̀," ni bàbá àgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ìyá rẹ sì ti gbà. Àwọn tí ọkọ̀ ojú omi gbé lọ, ta lo rí tó padà nínú wọn? Mo ní kí ìyá rẹ wá lọ kí àwọn ará ilé ná. Mo kó ẹ̀yin méjèèjì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú àpótí tí ó fún yín kó ẹrù sí. Mo padà wá, mo sọ fún òyìnbó pé ìgbóná ti kó yín lọ. Mo sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ pé òyìnbó ti wọkọ̀."

"Ìyá mi ò mọ̀?"

"Kò mọ̀ títí ó fi kú."

"Òyìnbó ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe?"

"Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé yóò padà sílé rẹ̀ ni. Kò lọ."

Màámi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ohùn wọn ti kéré nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀. "Bàbá, nígbà tí ẹ mú mi wá síbí lọ́dún kan, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo bá yín ṣa obì. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, ó máa ń jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ ní wèrè ni. Ẹ ní a ò gbọdọ̀ kí i."

Bàbá àgbà gbé tẹ̀súbáà kalẹ̀.

"Wọ́n kí mi, Bàbá. Yorùbá ni wọ́n fi kí mi. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́.' Mo da obì nù, mo sá."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi dá ọ padà sílé kí obì tó tán," ni bàbá àgbà wí. "Àwọn ènìyàn ti ń wojú rẹ. Ọmọ mi ni ọ́. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà di ẹrú àwọn òyìnbó."

"Bàbá, aṣọ àwọn òyìnbó ni mò ń fọ̀."

 Ibi tí wọ́n sin ọkùnrin náà sí nìkan ni màámi tún béèrè. Bàbá àgbà ní ó kú lẹ́yìn ọdún méjì sí ìgbà ìkórè yẹn, àwọn tó ń bá a ṣe oko ló sin ín sábẹ́ igi obì rẹ̀, lápá Ìkẹjà. Kò sí àlùfáà níbẹ̀.

Ẹnjiníà fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá àgbà ń júwe ọ̀nà, wọ́n ń ṣì í júwe, nítorí kò sí igi tí wọ́n mọ̀ mọ́. Odi búlọ́ọ̀kù la bá níbẹ̀, odi tó gùn tí kò lópin. Inú rẹ̀, katakata méjì ń ti yẹ̀pẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá kan sì ti dúró, símẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa. Mẹ́gádì ò fẹ́ jẹ́ kí a wọlé, àfi ìgbà tó rí òyìnbó. Bàbá àgbà na ọ̀pá síbìkan, wọ́n ní ibí ni. Wọ́n rìn síwájú díẹ̀, wọ́n tún na ọ̀pá síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọn ò nà án mọ́.

Fọ́máànù tó ń bójú tó iṣẹ́ ní òun rántí àwọn igi obì náà dáadáa, gbòǹgbò wọn fa wàhálà. Màámi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n rí ohunkóhun nígbà tí wọ́n ń hú wọn. Ó ní yẹ̀pẹ̀ ni yẹ̀pẹ̀, lọ́rì ló ń kó o lọ dí irà.

"Irà wo?" ni màámi béèrè.

Fọ́máànù rẹ́rìn-ín. Ó ní irà tó wà nílẹ̀ yìí pọ̀, Ìyá, òun ò lè mọ̀ ọ́n. Màámi ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí fèrè dún, tí àwọn òṣìṣẹ́ tú jáde, tí wọ́n ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, tí ẹlòmíràn nínú wọn ń sọ pé kí a yà lọ́nà.

Màámi ní kí n kọ̀wé sí arúgbó tó wà ní Sikọ́tílándì. Wọ́n pè é ní àǹtí wọn. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé àwọn ò kú, pé irọ́ ni wọ́n pa fún bàbá àwọn, pé àwọn ní ọmọ, pé ọmọ náà jẹ́ tíṣà. Wọ́n lọ ya fọ́tò, gèlè wọn ni wọ́n tú kí irun wọn lè hàn. Obìnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ayafọ́tò sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá wọn lójú. Ẹnjiníà fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Èsì dé nígbà tí ẹnjiníà ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti pè é padà. Kò pe màámi. Ó wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́, ó dúró lójú fèrèsé títí mo fi jáde, ó fi lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́. "Má bínú," ló sọ. Ó fi Yorùbá sọ ọ́, mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ.

Lẹ́tà náà ò gùn. Arúgbó yẹn ní ẹ̀gbọ́n òun kì í parọ́. Bí ó bá kọ̀wé pé ọmọ òun kú, ọmọ náà kú ni. Òun ò mọ obìnrin tó wà nínú fọ́tò yìí, òun ò sì mọ ohun tó ń wá lọ́dọ̀ àwọn. Kí a jọ̀ọ́, kí a má kọ̀wé sí òun mọ́. Ó dá fọ́tò padà.

Mo jókòó sí kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo ń rò, bí mo ṣe kà á wéréwéré láìwo iwájú, àti bí màámi ṣe wo ọwọ́ wọn. Nígbà tí mo délé, wọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Mo sọ fún wọn pé àǹtí wọn kọ̀wé. Mo ní ó ní inú òun dùn, ó ní wọ́n jọ bàbá wọn ní iwájú orí. Màámi gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí wọn.

Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí èmi ń kọ ọ́. Wọ́n ń sọ bí òjò ṣe rí, ẹni tó ṣàìsàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n kọ́. N kò fi ọ̀kan ránṣẹ́ nínú wọn. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, èmi fúnra mi á jókòó, màá kọ èsì lédè òyìnbó, màá sì kà á fún wọn. Mo sọ fún ara mi pé kò jọ ohun tí bàbá àgbà ṣe. Mo sọ ọ́ fún ara mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà tó yá, màámi ní, "Sọ fún àǹtí mi kí wọ́n fi fọ́tò tiwọn náà ránṣẹ́. Mo fẹ́ rí ojú wọn." Mo ní ó dáa. Wọ́n tún béèrè lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́yìn oṣù méjì. Kò síbi tí mo ti lè rí fọ́tò yẹn. Ní ọjọ́ kan, ó ti rẹ̀ mí, mo bá sọ fún wọn pé lẹ́tà dé, pé àǹtí wọn ti kú.

Mo rò pé á parí síbẹ̀. Màámi tú aṣọ dúdú jáde. Wọn ò fọ aṣọ ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà fún òkú náà, wọ́n tan àbẹ́là, àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń kí wọn kú ará fẹ́ra kù. Màámi ń sọ fún gbogbo wọn pé, "Wọ́n fẹ́ràn mi púpọ̀. Wọn ò rí mi rí, wọ́n sì fẹ́ràn mi." Èmi ni mò ń gbé omi fún àlejò.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá àgbà wá. Láti ọjọ́ tí a lọ sí ilé iṣẹ́ yẹn, màámi ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n kí màámi, màámi fi orí dáhùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, bàbá àgbà yíjú sí mi.

"Báwo lẹ ṣe gbọ́?"

"Lẹ́tà ni, Bàbá."

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni."

Wọ́n wò mí lójú bí ẹni tó ti pa irú irọ́ yẹn rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bu omi fún àwọn.